Ẹ Fi Ojú Wọn Sílẹ̀ Bó Ṣe Wà

“Ẹ jẹ́ kó kún ojú tẹlifíṣọ̀n.” Gbólóhùn yìí ti sú mi. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé kásẹ́ẹ̀tì fídíò àtijọ́ lọ bá onífídíò pé kó bá òun gbé e sórí DVD, ohun tó máa kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde nìyẹn. Bí kò bá tilẹ̀ sọ ọ́, onífídíò á ti ṣe é kí wọ́n tó ní kó ṣe é. Wọ́n á fa àwòrán náà lọ́tùn-ún lósì títí yóò fi kan etí méjèèjì tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tó wà ní pálọ̀, inú gbogbo ilé á dùn, wọ́n á sì jókòó ti ìgbéyàwó ọdún 1991 tí gbogbo àlejò ibẹ̀ ti sanra mọ́jú. Ìyàwó tó tẹ́ẹ́rẹ́ ti di arọ́bọ́tọ́. Ọkọ tó ga fíofío ti di kúńtá. Táyà Peugeot 504 tó gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kò rí róbótó mọ́. Kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀!

Èmi á sọ̀rọ̀. Àwòrán tí kámẹ́rà àtijọ́ gbà ní ìwọ̀n 4:3, ìyẹn ni pé bí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́rin, gíga rẹ̀ á jẹ́ mẹ́ta, kò gbọ́dọ̀ kúrò ní 4:3 nígbà tí a bá ń gbé e sórí díìsìkì. Kí ọ̀já dúdú méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n tuntun. Ẹni tó bá ní kí wọ́n fà á kó lè kún, ńṣe ló ń sanwó kí wọ́n lè bá òun ba nǹkan òun jẹ́.

Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu wọn ná. Wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n táwọn rà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹni tó san owó gọbọi lórí tẹlifíṣọ̀n ínǹṣì 55 kò rà á kó lè máa fi apá kan rẹ̀ wo òkùnkùn. Òótọ́ sì ni: bí àwòrán 4:3 bá dé ojú tẹlifíṣọ̀n tuntun tó jẹ́ 16:9, ìdá kan nínú mẹ́rin ojú náà ló máa dúdú, ìdajì rẹ̀ lọ́tùn-ún, ìdajì lósì. Wọ́n ní ọ̀já dúdú náà jọ ìbàjẹ́, pé àlejò á wọlé, á ní, “Kí ló ṣe tẹlifíṣọ̀n yín?” Wọ́n ní ojú máa ń mọ́ ọn lára, pé tó bá ti pẹ́ díẹ̀ kò sẹ́ni tó ń rántí mọ́ pé wọ́n fa nǹkan kan. Wọ́n ní kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún ò kúkú dán tẹ́lẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ohùn rẹ̀ ń hó, kí ló wá kù tí èèyàn ń ṣọ́ ìwọ̀n lójú méjèèjì? Àwọn tó gbọ́n díẹ̀ sí i ní àwọn ò tilẹ̀ ní fà á. Àwọn á kàn sún un mọ́ iwájú, kí òkè àti ìsàlẹ̀ jábọ́ díẹ̀, ojú ẹnikẹ́ni ò ní fẹ̀, tẹlifíṣọ̀n á sì kún. Onífídíò ló wá sọ èyí tó wúwo jù: oníbàárà ló ni owó, oníbàárà ló ni kásẹ́ẹ̀tì. Bí òun bá gbé DVD tó ní ọ̀já dúdú fún un, á dá a padà pé iṣẹ́ ò parí, á sì gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Ẹjọ́ wọn nìyẹn, mi ò bù ú, mi ò bù lé e. Mi ò pe ẹnikẹ́ni nínú wọn ní òmùgọ̀. Àmọ́ kò sí èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí wọn kì í sọ síta, ṣùgbọ́n tó wà nídìí gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé àwòrán 4:3 kò pé, pé ọ̀já dúdú ló bo èyí tó kù mọ́lẹ̀, tí wọ́n bá sì fà á á jáde. Kí ló fẹ́ jáde? Kò sí nǹkan kan lábẹ́ ibẹ̀. Ibi tí ọ̀já dúdú ti bẹ̀rẹ̀ ni kámẹ́rà ti dákẹ́. Gbogbo ohun tó rí lọ́jọ́ náà ló wà níwájú yín, kò ṣẹ́kù. Láti bí ọdún 1892, nígbà tí William Dickson ń ṣiṣẹ́ lórí fíìmù 35mm lọ́dọ̀ Thomas Edison, ni ìwọ̀n yìí ti wà nídìí sinimá, tẹlifíṣọ̀n náà sì gbà á nígbà tó dé. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn lọ́dún 1959, 4:3 ló fi ń gbé àwòrán jáde. Kámẹ́rà VHS tí àwọn onífídíò ń gbé léjìká káàkiri òde àríyá, 4:3 ni. Video8 tó dé lọ́dún 1985, 4:3. Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ tí Túndé Kèlání gbé jáde lọ́dún 1993 àti Saworoidẹ tó gbé jáde lọ́dún 1999, inú tẹlifíṣọ̀n onígbá-ńlá tó jẹ́ 4:3 ni gbogbo wa ti wò wọ́n. Ṣé ẹnì kan sọ nígbà náà pé àwòrán ò pé?

Ẹni tó dábàá 16:9 gan-an mọ̀ pé àyè máa ṣẹ́kù. Kerns Powers ni, ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn ọdún 1980. Ó kó oríṣiríṣi ìwọ̀n àwòrán tó wà láyé nígbà náà jọ, láti orí 4:3 ti tẹlifíṣọ̀n títí dé àwọn tó gbòòrò dáadáa nínú ti sinimá, ó jẹ́ kí gbogbo wọn gba ààyè kan náà, ó tò wọ́n léra, ó sì wá ojú kan tó lè gba gbogbo wọn láìfi ààyè ṣòfò jù. 16:9 ló bọ́ sí i. Nítorí náà, àwòrán àtijọ́ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fún tẹlifíṣọ̀n tuntun níṣòro. Wọ́n ti ṣírò àyè rẹ̀ mọ́ ọn kí wọ́n tó kan tẹlifíṣọ̀n ọ̀hún rárá. Ọ̀já dúdú tí ẹ ń sá fún, wọ́n mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Ó wá kan ti ojú tó máa mọ́ ọn lára. Bí a bá fa 4:3 títí ó fi di 16:9, ìbú ohun gbogbo á fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé sí i, gíga rẹ̀ ò ní yí padà. Èjìká tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45 á rí bí ẹni pé 60 ni. Ṣé ohun kékeré nìyẹn? Ẹ wo ilà ojú. Àbàjà tó dùbúlẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ á gùn ju bí olóólà ṣe kọ ọ́ lọ. Pélé tó dúró ṣánṣán kò ní ga sí i, ṣùgbọ́n ojú ilà á nípọn, àlàfo tó wà láàárín wọn á sì là. Ọmọ-ọmọ tí kò bá bàbá tó kọlà náà láyé, tó jẹ́ pé inú fídíò yìí nìkan ló ti máa mọ̀ ọ́n, ojú ẹlòmíràn ló ń wò. Ẹ wo awọ gángan nígbà tí onílù bá kọ ojú rẹ̀ sí kámẹ́rà: kò ní rí róbótó mọ́. Ẹ wo ijó: ẹni tó ń jó bàtà ń fò sókè, ṣùgbọ́n fífò rẹ̀ ti kúrú sí ìbú rẹ̀, ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fò lọ ti di ẹni tó ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìró ìlù wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ijó ti lọ.

Wọ́n ní ojú á mọ́ ọn lára. Mo gbà! Ohun tó burú níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Bí ojú bá ti mọ́ irọ́ lára tán, òótọ́ ló máa wá dà bí àṣìṣe. Mo ti rí ẹni tí wọ́n fi àwòrán ìyá rẹ̀ hàn bó ṣe yẹ kó rí, tó ní wọ́n ti fún ìyá òun pọ̀ jù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa àgbà jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, orí ọmọ tuntun ń wọ́ níbi ìsọmọlórúkọ rẹ̀, à ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà.

Àwa kọ́ ló tilẹ̀ yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu wa pé ìwọ̀n ò ṣe pàtàkì. Lọ́dún 1978, Stephen Sprague kọ̀wé nípa iṣẹ́ àwọn oníyàwòrán ilẹ̀ Yorùbá, tí ó ti wò káàkiri, pàápàá jù lọ ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ohun tó rí ni pé àwọn àgbàlagbà máa ń jókòó tọ́ níwájú kámẹ́rà, aṣọ iyì lọ́rùn, ọwọ́ lórí itan, wọ́n á kọjú sí i gbangba, wọ́n á sì fẹ́ kí ara wọn hàn lódindi. Ó tún rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ, oníyàwòrán lè ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, kó tẹ̀ wọ́n pọ̀ sórí ìwé kan kí méjèèjì lè jókòó papọ̀. Ẹ wo irú ìṣọ́ra tó wà nídìí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀! Ní Ọ̀wọ̀ láyé àtijọ́ ńkọ́? Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe àkó fún òkú ẹni ńlá, wọ́n á gbẹ́ ère tó jọ ọ́, wọ́n á sì wọ aṣọ fún un, kí ẹni tó bá rí i lè mọ̀ pé òun nìyẹn. Ta ló gbọ́ ọ rí pé wọ́n fẹ ojú àkó nítorí pé ibi tí wọ́n fẹ́ gbé e sí fẹ̀?

Mo mọ ohun tí ẹlẹ́jọ́ kan á fi dá mi lóhùn. Á ní àwọn agbẹ́gilére wa náà kì í tẹ̀lé ìwọ̀n ara, pé orí ère máa ń tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n agbẹ́gilére mọ ìdí tó fi mú orí tóbi: orí ni ó ń bọlá fún. Orí nìkan ló sì mú tóbi. Kò fi bẹ́ẹ̀ mú ìjókòó, ajá àti ògiri ẹ̀yìn tóbi. Bọ́tìnì tó ń fa fídíò kò mọ orí yàtọ̀ sí ìkòkò. Kò bọlá fún nǹkan kan.

Ó ku àwọn tó ní àwọn á sún un mọ́ iwájú, àwọn ò ní fà á. Àwọn yìí máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti rí ọ̀nà àbáyọ, ó sì dà bíi pé tiwọn dára ju ti àwọn tó ń fà á lọ. Tiwọn gan-an ló burú jù. Kí 4:3 tó lè kún 16:9 láìfẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ. Fídíò PAL, ìyẹn ìlànà fídíò tí à ń lò ní Nàìjíríà láyé kásẹ́ẹ̀tì, ní ìlà 576 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá gé ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò, 432 ló ṣẹ́kù, òun náà lẹ ó wá fẹ̀ sójú tẹlifíṣọ̀n ńlá. Àwòrán tí ẹ ní kò dán tẹ́lẹ̀, ẹ tún wá ju 144 nù nínú ìlà rẹ̀. Ṣé bí wọ́n ṣe ń tún nǹkan ṣe nìyẹn?

Kí ló sì máa ń wà ní òkè àti ìsàlẹ̀ fídíò òde wa? Gèlè ló wà lókè. Fìlà ló wà lókè. Iwájú orí tí wọ́n ń lẹ náírà mọ́ wà lókè, àti ọwọ́ ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́, tí gbogbo ẹbí fẹ́ mọ ọwọ́ ẹni tó jẹ́. Ní ìsàlẹ̀ ńkọ́? Ọkọ ìyàwó tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àna rẹ̀ wà níbẹ̀, ìyàwó tó kúnlẹ̀ wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó ń jó wà níbẹ̀. Nígbà púpọ̀, ìsàlẹ̀ náà ni wọ́n máa ń kọ orúkọ òkú, ọjọ́ àti ìlú sí, ní lẹ́tà aláwọ̀ yẹ́lò tó gbòde nígbà náà. Onífídíò tó dúró lórí àga nínú èrò lọ́jọ́ náà, ó fojú inú wọn àwòrán rẹ̀. Ó rí gèlè, ó sún sẹ́yìn kí gèlè lè wọlé. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ẹni tí kò sí níbẹ̀ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ní gèlè ò wúlò. Ẹni tó bá fa àwòrán fẹ̀, ẹni tó gbọ́n ṣì lè fún un padà lọ́jọ́ iwájú, bí ó bá mọ̀ pé wọ́n fà á. Èyí tí wọ́n gé sọnù ti lọ nìyẹn.

Àwọn àbùkù tó kù ò gba àkókò. Àwọn kan máa ń fi ẹ̀dà àwòrán náà tó ṣókùnkùn, tó ń ràn bàìbàì, dí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìyẹn ni pé nítorí kí wọ́n má bàa rí dúdú, wọ́n fi òjìji méjì tó ń mì síbẹ̀ láti máa fa ojú kúrò lára ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Àwọn tẹlifíṣọ̀n kan sì ní ètò tó ń dá àárín sí, tó ń fa etí nìkan: ẹ wo ẹni tó bá ń rìn kọjá nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, á sanra, á rù, á tún sanra, kó tó dé ibi tó ń lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti díjú lóòótọ́ ni ibi tí ọ̀pọ̀ onífídíò ti ń ṣìnà láìmọ̀, mi ò sì ní fi gbogbo ẹ̀bi rẹ̀ bọ̀ wọ́n lọ́rùn. Fídíò PAL tó wọnú kọ̀ǹpútà ní píksẹ́lì 720, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ìlà 576. Ẹ pín 720 sí 576: 1.25 lẹ máa rí. 4:3 sì jẹ́ 1.33. Kí ló fà á? Píksẹ́lì fídíò àtijọ́ kò dọ́gba ní ìbú àti gíga. Ti PAL fẹ̀ díẹ̀ ju bó ṣe ga lọ. Kọ̀ǹpútà tí kò mọ èyí á yà á bí ẹni pé ó dọ́gba, gbogbo èèyàn á tín-ín-rín díẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tí àbúrò fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà wá yàtọ̀: NTSC ni wọ́n ń lò níbẹ̀ nígbà náà, 720 lórí ìlà 480, ìyẹn 1.5, kọ̀ǹpútà kan náà á wá mú àwọn ti Amẹ́ríkà sanra díẹ̀. Onífídíò rí i pé ti Èkó rù, ti Houston sanra, kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, ó bá fa gbogbo rẹ̀ dé etí tẹlifíṣọ̀n, ó ní ó ti parí. Bẹ́ẹ̀, 4:3 kan náà ni méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ fáìlì fún kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ló fẹ́ ṣe, kó ṣe ti PAL ní 768 lórí 576, kó ṣe ti NTSC ní 640 lórí 480, kò ní sí wàhálà kankan.

Ti DVD tilẹ̀ rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun ló fi ń yà mí lẹ́nu pé wọ́n ń bà á jẹ́. Àwọn tó ṣe DVD ti ro gbogbo èyí. Àwòrán 4:3 àti àwòrán 16:9, iye píksẹ́lì kan náà ni wọ́n ní lórí rẹ̀, 720 lórí 576 ní PAL. Àmì kan péré ló wà níbẹ̀ tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé bàyìí ni kó ṣe gbé e jáde. Iṣẹ́ onífídíò kò ju pé kó yan 4:3 nínú sọ́fúwíà rẹ̀ lọ. Kò ní fa nǹkan kan, kò ní gé nǹkan kan. Kò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun ọ̀já dúdú mọ́ àwòrán náà, nítorí bí ó bá kùn ún mọ́ ọn lórí díìsìkì 16:9, 540 péré nínú 720 píksẹ́lì ló máa kù fún àwòrán, ọ̀já dúdú á jẹ 180. Kó jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ pèsè dúdú. Kì í gbowó lórí rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí fífẹ̀ àti gígé ń bà jẹ́ láìjẹ́ kí a fura. Fídíò àtijọ́ kì í wá lódindi. Ní PAL, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ìdajì àwòrán ń dé: ìlà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà ìlà ìkejì, ìkẹrin, ìkẹfà. Ìdajì méjèèjì kò bá ara wọn nígbà kan náà. Bí sọ́fúwíà tí kò ka èyí sí bá ń na àwòrán sókè sódò, á po ìlà ìgbà yìí mọ́ ìlà ìgbà tọ̀hún, apá onílù tó ń yára á sì já sí ìlà ìlà. Oníbàárà á ní kásẹ́ẹ̀tì ló ti bàjẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì ò ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n bá fi àwòrán sílẹ̀ ní gíga tó bá wá, tí wọ́n sì to ìdajì méjèèjì bó ṣe yẹ, ọwọ́ onílù á máa yọ̀ geere bí ọjọ́ tí wọ́n gbà á.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ oníbàárà tó ni owó. Ó ni owó, ó ni kásẹ́ẹ̀tì. Ṣé òun ló ni ojú ìyá ìyá rẹ̀? Bí ìwé àdéhùn ilẹ̀ bàbá yín bá tóbi ju férémù tí ẹ rà lọ, ṣé ẹ máa gé ibi tí wọ́n fọwọ́ sí kó lè wọlé ni, àbí ẹ máa wá férémù mìíràn? Oníbàárà tó ní kó kún kò mọ ohun tó ń béèrè, onífídíò ló mọ̀, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ọ̀gá. Kó tẹ aago ara ògiri tó wà nínú fídíò náà dúró fún oníbàárà, kó fi rúlà wọn ìbú àti gíga rẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n. Bí aago bá kọjú sí kámẹ́rà gbangba, tí ìbú rẹ̀ sì ju gíga rẹ̀ lọ, irọ́ ni wọ́n ń wò. Ta ni oníbàárà náà tí wọ́n máa fi èyí hàn, tí á ṣì ní kí wọ́n máa bá a lọ?

Bí ó bá sì ṣì wà, kó má bínú, rìmóòtù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tẹlifíṣọ̀n òde òní ní ibi tí èèyàn ti lè yan bí àwòrán ṣe máa fẹ̀ tó. Ẹni tó bá wù kó wo ìyá rẹ̀ ní arọ́bọ́tọ́, kó yàn án ní pálọ̀ rẹ̀, nígbà tó bá sú u kó dá a padà. Tirẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá kọ sórí díìsìkì ló máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ní London, òun ni wọ́n máa dà kọ fún àbúrò, òun ni ọmọ tí wọn kò tí ì bí máa jogún. Èéṣe tí ìfẹ́ ẹnì kan tó jókòó sórí àga lónìí á fi di dandan fún gbogbo wọn? Mo mọ̀ pé nígbà mìíràn, bí díìsìkì tilẹ̀ péye, tẹlifíṣọ̀n á fúnra rẹ̀ fà á, pàápàá bó bá jẹ́ wáyà aláwọ̀ yẹ́lò, pupa àti funfun ni wọ́n fi so ó mọ́ ẹ̀rọ DVD. Ìṣẹ́jú kan ni onífídíò máa fi kọ́ oníbàárà bó ṣe máa yan 4:3.

Àwọn kan tún ń bẹ̀rù pé ọ̀já dúdú ń ba tẹlifíṣọ̀n jẹ́, ẹ̀rù àná ni. Tẹlifíṣọ̀n plasma ló ní ìṣòro yẹn jù, wọ́n sì ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró láti bí ọdún 2014. Ọ̀já dúdú wákàtí méjì ò ní ṣe LCD tó wà nílé yín ní nǹkan kan. Ti pé ó ń jọ ìbàjẹ́ lójú àlejò, ẹ sọ fún àlejò pé fídíò àtijọ́ ni. Ṣé àlejò ò mọ̀ pé ìgbà kan wà rí ni?

Ẹ má sì rò pé 4:3 nìkan ni mò ń gbè lẹ́yìn. Àwọn kámẹ́rà MiniDV kan wà tó lè gba 16:9 gidi. Bí onífídíò bá fi àmì 4:3 sórí irú àwòrán bẹ́ẹ̀, gbogbo èèyàn á rù, á ga gọgọrọ, òun náà sì jẹ̀bi bíi ti ẹni tó fà á. Bí kámẹ́rà ṣe gbà á ni kó ṣe wà.

Bí èyí bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ohun tí a lè tún ṣe lọ́la, mi ò bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2016 ni ilé-iṣẹ́ Funai ní Japan, tó ṣẹ́kù nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ VHS, fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tó wà lóde ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ooru àti ọ̀rinrin ń hu ewú sára kásẹ́ẹ̀tì nínú àpótí, bí wọ́n bá sì ti gbé e sórí DVD tán, ààtàn ni kásẹ́ẹ̀tì máa ń gbà lọ. Díìsìkì yẹn ló máa ṣẹ́kù. Ohun tí onífídíò bá yàn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, láàárín oníbàárà kan àti èkejì, ni ìdílé kan máa fi mọ ojú àwọn baba wọn títí láé.

Nítorí náà, ẹ̀yin onífídíò, ẹ yé béèrè lọ́wọ́ oníbàárà bóyá ó fẹ́ kó kún. Ẹ má fi í sínú ohun tí èèyàn lè yàn rárá. Kásẹ́ẹ̀tì tó bá wọlé ní 4:3, ní 4:3 ni kó jáde, pẹ̀lú gèlè lókè, pẹ̀lú ẹsẹ̀ nísàlẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìlà 576 rẹ̀. Kí táyà Peugeot rí róbótó. Kí pélé jẹ́ pélé. Bí oníbàárà bá ní òun á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, ẹ dá kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà fún un, ẹ má sì tìtorí owó rẹ̀ fọwọ́ kan ojú ìyá ẹnikẹ́ni.